Fi Eérú Sílẹ̀, Susanna

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ọdún Àjíǹde 1993 wọlé nígbà tí Ìyá Mojísọ́lá dìde láàárín ìpàdé Ẹgbẹ́ Màtá, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìdímù. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní òun ti rí ibi tí àwọn ìyá máa lọ ṣe fàájì lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde.

"Ihò Ẹfun ni," ó wí. "Ní Òkè-Ẹfun, nílẹ̀ Ẹ̀gbádò. Ihò inú òkúta ni o, irú òkúta funfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì yẹn. Ó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí lọ. Àwọn èèyàn àtijọ́ ti fi ṣe ilé rí, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ọkọ́ tàbí àdá. Ẹ sáà rántí ìtàn bàbá òpè tó gbá eérú?"

Yàrá dàrú fún ẹ̀rín. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Láti oṣù kẹwàá tí Mojísọ́lá ti bá àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé olùkọ́ni lọ síbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ ọ́. Lucy ni wọ́n sọ ìyá yìí ní ìsàmì, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn. Ó ní wọ́n fi ọkùnrin kan ṣọ́ ihò náà nígbà kan. Ó ní àwọn ará yunifásítì ń bọ̀ wá wo eérú ààrò àwọn ará àtijọ́, eérú tó ti wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún. Kí wọ́n tó dé, ọlọ́gbọ́n ti mú ìgbálẹ̀! Ó ti gbá a mọ́ féfé! Tí Ìyá Mojísọ́lá bá dé ibẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi etí ìró rẹ̀ ṣe ìgbálẹ̀, àwọn ìyá á sì máa lu ara wọn léjìká.

Ìyá Báyọ̀dé tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn náà rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó rẹ́rìn-ín. Ó ti ń bá wọn rín in láti oṣù kẹwàá. Bẹ́ẹ̀ bàbá òpè tí wọ́n ń wí yẹn, ọkọ rẹ̀ ni, Ọlátúnbọ̀sún Akínbọ́lá, tí wọ́n sin ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tí gbogbo Ẹgbẹ́ Màtá yìí kan náà wá kọrin nídìí pósí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kọ́ ló sì gbá eérú. Òun Susanna ni.

Ó dé ilé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò lè jẹun. Ó ṣí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú ìkángun aṣọ òkè kan tó ti gbó, ó sì mú ìlẹ̀kẹ̀ kan jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun ni, kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Ìkarahun ìgbín ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, wọ́n lu ihò sí i láàárín. Ó fi sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó títí omi fi lé ròrò sí i lójú. Ojú rẹ̀ padà sí ọdún 1962.

Oṣù kejì ìgbéyàwó wọn ni. Ọlátúnbọ̀sún ni káńsù gbà ṣe afinimọ̀nà ní Ihò Ẹfun, ilé onípákó oníyàrá méjì tí wọ́n fún un kò sì jìnnà sí ẹnu ihò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ayé dùn nígbà yẹn! Gbogbo Sátidé ni àlejò ń wá: tíṣà àti ìyàwó rẹ̀, akọ̀wé tó wọ fìlà ìgbafẹ́, òyìnbó onísòkòtò péńpé. Ọlátúnbọ̀sún á tan àtùpà gáàsì méjì. Kò ní wọlé bẹ́ẹ̀ ṣá o. Á dúró lẹ́nu ihò, á bọ́ fìlà, á sì kígbe pé, "Àgò onílé o!" Ihò á dá a lóhùn padà láti inú lọ́hùn-ún, àwọn àlejò á sì pa ẹnu wọn mọ́. Ó ní ilé onílé ni, ẹni tó kọ́ ọ ì báà ti lọ, ẹ̀kọ́ ilé ò gbọdọ̀ lọ.

Nínú ihò, iná àtùpà á kan ara ògiri, ògiri á máa tàn bí iyọ̀. Òkúta ń so láti òkè bí ọmú ewúrẹ́, omi ń kán lẹ́nu wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní kọ̀rọ̀ apá ọ̀tún ni òkúta ààrò mẹ́ta wà, tí eérú kún àárín wọn títí dé ìta, pẹ̀lú èédú, àpáàdì àti ìkarahun ìgbín. Ọlátúnbọ̀sún á rẹ ohùn sílẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ wò ó," á wí. "Ibí ni ìyá kan ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀." Susanna a máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn nígbà mìíràn, kìkì láti gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Kò sí ohùn tó dùn mọ́ ọn tó ohùn yẹn láyé.

Wọ́n wá ránṣẹ́ sí Ọlátúnbọ̀sún pé Dókítà kan láti yunifásítì ń bọ̀ ní Mọ́ńdè pẹ̀lú èèyàn méjìlá, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìdí ààrò yẹn títí wọn yóò fi dé. Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ní Sọ́ńdè, ìrònú kẹrosíìnì ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìlaró lọ rà á. Ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ kò ju pé, "Àlejò ńlá ń bọ̀ lọ́la o, Susanna." Ó tán.

Ẹ wá wò ó ná. Ọmọ ogún ọdún, ìyàwó tuntun, àlejò ńlá lọ́la. Kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ nílé pé àlejò tó bá bá ìdọ̀tí nílé ẹni kò ní béèrè ẹni tó da á síbẹ̀, orúkọ onílé ló máa gbé lọ. Ó gbá iwájú ilé. Ó gbá ọ̀nà. Ó gbá ẹnu ihò. Ó wá gbé àtùpà wọ inú, ó rí eérú tí obìnrin kan tí a ò mọ̀ fi sílẹ̀ láìkó, ó pòṣé. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni ó kó. Àwọn òkúta ààrò náà, ó fi omi fọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Nígbà tí eérú sì ń lé kòkòrò lára ẹ̀fọ́, kò jẹ́ kó ṣòfò, ó wọ́n ọn sórí ebè tẹ̀tẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Ohun kan ṣoṣo tí kò dà nù ni ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Ó tàn yinrin nínú eérú, ó ṣà á, ó so ó mọ́ etí ìró. Obìnrin wo ló ń da ìlẹ̀kẹ̀ obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nù?

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ rẹ̀ dé. Kò tíì sọ agolo kẹrosíìnì kalẹ̀ tí Susanna ti fà á lọ́wọ́. "Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo bó ṣe mọ́!"

Ọlátúnbọ̀sún dúró síwájú kọ̀rọ̀ náà. Ó gbé àtùpà sókè, ó gbé e sísàlẹ̀.

"Susanna. Ta ló ní kí o gbá a?"

"Ṣebí ẹ ní àlejò ń bọ̀?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó yá ẹ̀rín tán, omi ojú kò tán. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó ba Susanna, ó sì kúnlẹ̀ tì í, kò mọ ohun tí òun ṣe.

Dókítà dé lọ́jọ́ kejì. Ó wọ inú, ó jáde, ó ṣí gíláàsì ojú rẹ̀. "Ta ló ṣe èyí?"

Susanna la ẹnu. Ọlátúnbọ̀sún ti síwájú rẹ̀. "Èmi ni, sà. Mo ní kó mọ́ ni."

"Àwọn ará ibí fi eérú yìí sílẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún," Dókítà wí, "ìwọ kò lè fi í sílẹ̀ di Mọ́ńdè?"

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ yìí tí Susanna ti sá lọ sẹ́yìn ilé, ó sọkún títí ó fi sú u. Kí oṣù tó parí, káńsù ti fún ọkọ rẹ̀ ní lẹ́tà. Wọ́n di ẹrù, wọ́n forí lé Èkó. Agége ni wọ́n kọ́kọ́ dé, wọ́n sì ṣí wá sí Ìdímù nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko. Iṣẹ́ mẹ́séńjà ni afinimọ̀nà ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó ń gbé fáìlì láti tábìlì kan lọ sí ìkejì. Ohùn tó ń gba gbogbo ihò kan, "Yes sà" nìkan ló kù tó ń sọ.

Ó bẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé kí òun kọ̀wé sí Dókítà, kí òun jẹ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. "Ìtìjú kan ṣoṣo ni," ó wí. "Kí la fẹ́ fi pín in sí méjì? Èmi tí mi ò sọ fún ọ ńkọ́?" Kò sọ ọ́ sí i lójú rí, àfi àwàdà kan tí wọ́n jọ ń dá láàárín ara wọn. Tí àlejò bá fẹ́ wá, tí Susanna bá na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀, á gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá: "Fi eérú sílẹ̀ o, Susanna!" Ọmọ wọn Báyọ̀dé béèrè títí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, wọn ò sọ fún un. Láti ọdún mẹ́fà wàyí, Susanna ti ń gbálẹ̀ de àlejò, kò sí ẹni tó ń dá a dúró. Ohun tó ń pa á lẹ́kún jù nìyẹn, ju ìdákẹ́jẹ́ ilé lọ, ju ibùsùn òfìfo lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, ó ní orúnkún ń dun òun, òun ò lọ. Ìyá Mojísọ́lá bá a délé. "Orúnkún wo? Orúnkún tó jó lánàá nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ dìde jàre, ọkọ̀ ti ń pariwo." Kí Susanna tó jáde, ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ etí ìró, gẹ́gẹ́ bó ṣe so ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Kò tíì mọ̀ bóyá òun máa lè sọ̀rọ̀. Ó kàn mọ̀ pé òun ò tún lè bá wọn rín in.

Àwọn ìyá kọrin láti Ìdímù dé Sàngó, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti àkàrà, wọ́n tún kọrin. Nígbà tí ọkọ̀ yà sí ọ̀nà Òkè-Ẹfun, Susanna gbé ojú sí fèrèsé. Ilé onípákó ti lọ. Ibi tí ebè tẹ̀tẹ̀ wà, wọ́n ti da kọnkéré sí i, mọ́tò ló ń dúró síbẹ̀. Igi máńgòrò nìkan ló kù, èyí tí òun àti ọkọ òun gbìn, ó sì ti ga ju gbogbo ohun tó yí i ká lọ. Ó fọwọ́ kan èèpo rẹ̀ nígbà tó ń kọjá, ó ní, "O ṣì wà níbí, ìwọ."

Afinimọ̀nà tuntun ń jẹ́ Jàfárù, ọmọ ìlú náà, ọ̀dọ́kùnrin tó wọ kakí tó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Iná mànàmáná ti wà nínú ihò, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa bọ̀ o," wọ́n sì wọlé gììrì. Susanna dúró sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Àgò onílé o," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rántí gbogbo ibi tó yẹ kó tẹ̀. Ibi tí òkè ihò ti rẹlẹ̀ tí èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kí Jàfárù tó kìlọ̀. Omi ṣì ń kán. Ohun gbogbo wà bó ṣe wà, ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ni kò sí.

Wọ́n dé kọ̀rọ̀ apá ọ̀tún. Wọ́n ti fi irin kékeré yí ilẹ̀ òfìfo ká. Jàfárù rẹ́rìn-ín, àwọn ìyá náà ti ń rẹ́rìn-ín dè é.

"Níbí ni Bàbá Olùgbálẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀," ó wí. "Eérú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún! Wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ. Wọ́n ní ẹmu ló mu yó lọ́jọ́ náà, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ló bá mú ìgbálẹ̀..."

Ìyá Mojísọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ń gbálẹ̀, ó sì ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rín ńlá sọ, ihò sì dá ẹ̀rín náà padà fún wọn.

Ẹmu? Ọlátúnbọ̀sún tó jẹ́ pé tíì ló fi ń ki ọdún káàbọ̀! Susanna la àárín wọn kọjá, ó bọ́ síwájú.

"Irọ́ ni!"

Ihò náà tún un sọ. Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Kò mu ẹmu rí láyé rẹ̀," ó wí. "Òun kọ́ ló sì gbá eérú. Èmi ni mo gbá a."

"Ìyá Báyọ̀dé," Ìyá Mojísọ́lá wí, ó ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àwàdà mọ́ mi lọ́wọ́."

"Mi ò ṣe àwàdà. Ọkọ mi ni. Bàbá Báyọ̀dé ni bàbá òpè tí ẹ ń wí láti oṣù kẹwàá. Ó gba ẹ̀bi mi rù, wọ́n lé e níṣẹ́, kò sọ fún ẹnì kan títí tó fi kú. Èmi náà ò sọ. Mo bá yín rín in." Ó tú etí ìró, ó na ìlẹ̀kẹ̀ sí Jàfárù. "Inú eérú yẹn ni mo ti ṣà á."

Jàfárù gbé e lọ sábẹ́ iná. Ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mẹ́rin irú rẹ̀ ni àwọn ará yunifásítì wú nílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Wọ́n wà nínú àpótí onígíláàsì lọ́dọ̀ wa níta. Màmá, òótọ́ lẹ sọ."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti ibí yìí lò tó ọgbọ̀n àti ẹyọ kan kó tó bá a, ṣùgbọ́n ó bá a.

Ìyá Mojísọ́lá ti nàró. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi ń gbálẹ̀, bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Bàbá Báyọ̀dé," ó wí. "Tí wọ́n gbé Mojísọ́lá mi pọ̀n lọ sí ọsibítù nínú òjò." Ó bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀. "Òkò ni mo sọ sọ́jà o, ará ilé mi ló bà. Ẹ foríjì mí."

"Ẹ dìde, ẹ má kúnlẹ̀ nínú omi," Susanna wí. "Ẹ kò mọ̀. Èmi tí mo mọ̀ ńkọ́?" Wọ́n di mọ́ ara wọn níbẹ̀, àwọn ìyá tó kù sì ń nu ojú.

Jàfárù ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Màmá, kí ni kí n máa sọ fún àwọn àlejò wàyí?"

"Sọ pé Ọlátúnbọ̀sún Akínbọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Sọ pé kì í wọ ibí láìkígbe àgò. Ìwọ náà yé wọlé onílé bí ewúrẹ́." Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Sọ pé ìyàwó rẹ̀ ló gbálẹ̀, torí àlejò ń bọ̀."

"Ṣé kí n dárúkọ yín?"

Ó ro ti Báyọ̀dé, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tó wúwo ju baba rẹ̀ lọ lójú ara rẹ̀. Ó ro ti ṣọ́ọ̀ṣì. "Dárúkọ mi," ó wí. "Susanna ni."

Jàfárù béèrè bóyá ó fẹ́ mú ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ sílé. Ó dùn ún láti fi í sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ó ti tọ́jú rẹ̀ ju wúrà ìgbéyàwó rẹ̀ lọ. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní kí wọ́n fi í ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí onílé lè rí nǹkan rẹ̀.

Lábẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti jẹun. Ìyá Mojísọ́lá fi ẹran tirẹ̀ sí abọ́ Susanna, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Nígbà tí wọ́n jẹ tán tí wọ́n lọ wo àpótí onígíláàsì, èèpo ọsàn àti bébà búrẹ́dì wà káàkiri nílẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé kan láti Abẹ́òkúta sì ti ń wọlé. Àlejò ń bọ̀. Susanna rí ìgbálẹ̀ kan tó fẹ̀yìn ti ìdí igi, kò sì mọ ìgbà tí òun mú un.

Ó ti gbá díẹ̀ nígbà tó gbọ́ Jàfárù lẹ́nu ihò, ó bọ́ fìlà, ó kígbe sókè: "Àgò onílé o!" Ihò dá a lóhùn. Ọwọ́ Susanna dúró lórí ìgbálẹ̀. Ó ń retí. Ó tó ìgbà tí àwọn ọmọ náà lè fi dé kọ̀rọ̀ apá ọ̀tún, ẹ̀rín bẹ́ jáde láti inú ihò, ẹ̀rín ọmọdé tó ga, tó sì pẹ́. Ó mọ ibi tí wọ́n dé nínú ìtàn. Òun Susanna ni wọ́n ń rín lónìí. Kì í ṣe Ọlátúnbọ̀sún mọ́.

"Mo ti gbọ́," ó wí fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. "Mo ti fi í sílẹ̀." Ó gbé ìgbálẹ̀ padà sí ìdí igi, ó jókòó láàárín èèpo ọsàn, ó sì bá wọn rín in.